Ẹyẹlé Inú Ìkòkò Mi

Mo rántí ìgbà tí mo wà ní ìletò kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Flẹ́míṣì, ká tó kó wá sí Dallas níbí. Ọmọ mi ọkùnrin ló ní kí n wá bá àwọn tọ́jú ọmọ tuntun. Ìletò yẹn kéré o: ṣọ́ọ̀ṣì kan, oko pòtétò, màlúù sì pọ̀ ju èèyàn lọ. Bí mo bá kí wọn lọ́nà, wọ́n á kàn mi orí, wọ́n á kọjá. Mo ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí ò lẹ́nu ni?" Èmi ọlọ́gbọ́n!

Bàbá aládùúgbò wa ń sin ẹyẹlé tí wọ́n fi ń sáré ìje. Wọ́n á lọ tú àwọn ẹyẹ náà sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, ẹni tó ni wọ́n á wá dúró lẹ́yìnkùlé, á máa wojú ọ̀run títí wọn á fi fò padà wálé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, gbogbo ẹyẹlé bàbá ló dé, àfi abo tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ilẹ̀ ṣú, bàbá ò wọlé. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún wà níbẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Àwọn àgbà wa ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Mo mọ̀ pé nǹkan ló dí i lọ́nà.

Ibi tí mo ti ń sá aṣọ ọmọ ni mo ti rí i, ó fi apá kan wọ́lẹ̀. Mo fi ìró bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é o!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

Kó má baà já mọ́ mi lọ́wọ́, mo gbé e sínú ìkòkò ọbẹ̀, mo fi ìdérí bò ó díẹ̀, ó di ilé bàbá. Mo fi ọwọ́ ṣe bí ìyẹ́, mo wá nàka sí ìkòkò. Ojú bàbá funfun bí ẹfun. Ìyàwó wọn fọwọ́ bo ẹnu. Àṣé wọ́n rò pé mo ti sè é! Bàbá rọra ṣí ìdérí, ẹyẹlé na ọrùn síta, ó ń wò wọ́n. Bàbá bú sẹ́kún. Ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín títí, ó dì mọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́, ìyá yẹn dá ìkòkò mi padà, ápù igi ẹ̀yìnkùlé wọn kún un dẹ́nu. Ta ló sọ fún un pé a kì í dá ìkòkò padà lófìfo? Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ará ìletò bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n á lu agogo rẹ̀ kí mi.

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí ń bi mí bóyá mo gbọ́ èdè wọn. Rárá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé mo gbé láàárín wọn. Lánàá, ìyá ará Mẹ́síkò tó wà ní apátímẹ́ǹtì kejì gbé abọ́ oúnjẹ àgbàdo wá fún wa. Abọ́ rẹ̀ nìyí lórí tábìlì. Mo ti rẹ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín sómi.