Koríko Ẹ̀yìn Ilé Ìyá Àgbà

Lánàá, ní ọjà Adjamé, obìnrin ẹ̀yà Jùlá kan ń ta gbòǹgbò koríko olóòórùn dídùn tí wọ́n máa ń rẹ sínú omi mímu. Mo rà díẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo mọ òórùn náà láti kékeré.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìjọba rán àwọn ọkùnrin kan wá gbin koríko náà sí ẹ̀yìn ilé wa ní àdúgbò Attécoubé, níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Wọ́n fi Faransé tí wọ́n ń sọ nílùú náà ṣàlàyé, Ìyá Àgbà tí kò gbọ́ ọ sì ń dá wọn lóhùn pé, "Wí, wí," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó pe àwa ọmọ jọ.

"Ẹ bá mi fà á tu. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, ọ̀lẹ ló ń jẹ́ kí koríko hù mọ́ ilé. Àbí ẹ fẹ́ kí ejò bù yín jẹ ni?"

A fà á tu tayọ̀tayọ̀. Òórùn náà kún ọwọ́ wa, erùpẹ̀ pupa wọ èékánná wa. Ìyá Àgbà gbá ibẹ̀ títí ojú ọwọ̀ fi hàn nílẹ̀ gbọọrọgbọọrọ. Obìnrin tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tiwa gbójú sókè.

"Ìyá, ẹ̀yìn ilé yín mà mọ́ o."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín.

Òjò ti ń le sí i lọ́dọọdún, koríko yẹn ni àwọn ọkùnrin ìjọba náà gbìn kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di erùpẹ̀ òkè náà mú.

Nígbà tí òjò ńlá dé, òkè ya, ó sì bo obìnrin ìsàlẹ̀ náà mọ́lé. Ilé tiwa kò wó. Ìyá Àgbà kò gbá ẹ̀yìn ilé mọ́ títí ó fi kú.