Àtẹ̀gùn Tí Ìdáyátù Kúnlẹ̀ Sí

Wọ́n ní Ìdáyátù bú àgbàlagbà lórí ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kejì ọdún Iléyá. Irọ́ ni. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lé e níbi iṣẹ́. Irọ́ kejì nìyẹn. Mo gbọ́ ìtàn yìí ní mọ́sálásí, mo gbọ́ ọ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Karmo, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn rárá, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀. Mo bá Saeed tó ń wa ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀, mo sì wá Ràṣídátù rí, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wuse, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ bá ara wọn mu. Òun ni mo kọ síbí.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ìdáyátù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Zuba lẹ́bàá Àbújá ni wọ́n bí i sí, níbi tí Gàníyátù, ìyá rẹ̀, ti ń ta ọsàn. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́ta. Òun ni olórí kíláàsì. Bí mo bá ní kó kọ orúkọ àwọn tó ń pariwo, tí òun náà bá ti la ẹnu, yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ tiwọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìwé Òfin. Kò yíwà padà.

Ọkọ̀ alájà méjì ni ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, tí wọ́n fi ń gbé àwọn ìdílé káàkiri lórí adágún omi kan ní Àbújá fún ìgbafẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí n má bàa di ẹni tó ń polówó fún wọn. Ìsàlẹ̀ wà fún tọmọdétàgbà: guguru, súwíìtì, orin ọmọdé. Òkè wà fún àgbà nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ọtí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ṣíṣà, irin tí wọ́n sì fi ṣe ọgbà yí i ká kò ga kọjá ìbàdí àgbàlagbà. Àtẹ̀gùn irin kan ṣoṣo ló gba ibẹ̀ lọ, ó há débi pé ẹni méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀. Pátákó kan wà nídìí àtẹ̀gùn náà: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ gòkè.

Pátákó yẹn kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ìdáyátù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, tó jẹ́ pé tábìlì ló ń nù, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, gòkè. Bàbá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ mu ìyókù inú ife tí ẹnì kan fi sílẹ̀, èébì gbé e, ó sì lọ fi ikùn lé irin láti bì sínú omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ kí Ìdáyátù tó sáré gbá ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kejì ni Rosemary, mánéjà ọkọ̀ náà, gbé pátákó kalẹ̀. Ó na ìka sí Ìdáyátù.

"Ìwọ ni mo fi àtẹ̀gùn yìí lé lọ́wọ́. Bí ọmọdé kan bá tún gòkè, ìwọ ni màá mú."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ẹnu Rosemary ló ti jáde.

Kì í ṣe àtẹ̀gùn ni Ìdáyátù ń wá o. Ọkọ̀ wíwà ni. Ilé iṣẹ́ náà máa ń rán òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá ti fún ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ gidi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dán èèyàn wò. Ọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá gan-an ni oṣù mẹ́ta tirẹ̀ ń pé, Rosemary ló sì máa fọwọ́ sí i. Láàárọ̀, kí èrò tó dé, Saeed máa ń jẹ́ kó di àgbá ìdarí ọkọ̀ mú. Saeed sọ fún mi pé, "Alàgbà, ọwọ́ ọmọ yẹn balẹ̀ ju tèmi lọ. Ó mọ ibi tí omi ti jìn láìwo nǹkan kan." Ìwé yẹn ló kù.

Ọ̀nà tó gbà ń ṣọ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Kì í bèèrè ọjọ́ orí. Ó ní èèyàn tó bá bèèrè ọjọ́ orí ń tọrọ irọ́ ni, nítorí àwọn òbí ti fi ọdún méjìdínlógún sí ọmọ lẹ́nu láti ilé. Àbúrò tó tẹ̀lé ọmọ náà ló máa ń bèèrè. Kò sí òbí tó rántí kọ́ ọmọ ní irọ́ nípa àbúrò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, ọkọ̀ kún. Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ìbídùnní, àti Lateefah, ọmọ wọn. Kọngílá ni ọkùnrin náà, ọmọ Ọ̀yọ́, ó sì ní ọ̀rẹ́ ńlá kan tó ti wà lókè, Babalọlá sì fẹ́ kí ìdílé òun bá a ya fọ́tò. Orí fóònù ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì òkè mẹ́ta. Fóònù bèèrè ọdún tí wọ́n bí ọmọ, ó sì kọ ọdún tó wù ú. Wọ́n ti kun àtíkè fún ọmọ, wọ́n wọ̀ ọ́ ní bàtà gíga tí kò mọ̀ ọ́n rìn.

Ìdáyátù dúró lórí ìpele kejì àtẹ̀gùn náà. Ó kí wọn, ó sì rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà.

"Àǹtí arẹwà, ta ló tẹ̀lé ẹ?"

Lateefah gbọ́ Yorùbá dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dáhùn bí àwọn ọmọ Àbújá: Fuad ló tẹ̀lé òun. Fuad wà nílé, ó wà ní pírámárì kẹrin.

"Kíláàsì wo lo wà nígbà tí wọ́n bí Fuad?"

Ọmọ náà ní nọ́sìrì kejì, pé òun mú kéèkì lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ pírámárì kẹrin, ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ nọ́sìrì kejì, ọdún márùn-ún. Mẹ́rìnlá. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ìṣirò yìí le.

Ìdáyátù ní, "Ẹ̀yin àti màámi lè gòkè, sà. Lateefah á dúró sísàlẹ̀. Màá bá yín wá àga tó dáa fún un."

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ṣé irọ́ ni mo ń pa?"

Kí ni ọmọ Yorùbá fẹ́ fèsì síyẹn? Irọ́ ló ń pa, odindi ọkọ̀ ló sì mọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ju àádọ́ta lọ, òun ló máa di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Babalọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń lò ó. Ọ̀wọ̀ tí àwọn òbí wa kọ́ wa nítorí àtiwà ní ìrẹ́pọ̀, òun ni irú wọn sọ di àgádágodo tí wọ́n fi ń ti èèyàn lẹ́nu pa. Ó ń bí mi nínú, n kò sì ní fi pamọ́.

Ìdáyátù ní, "Ẹ ò parọ́, sà. Àtẹ̀gùn ni kò gbà á."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú Babalọlá yí padà.

"O dúró gbọnrangandan bí òpó iná, o ń fún mi lésì! Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín? Kúnlẹ̀!"

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ìdáyátù kúnlẹ̀. Orí ìpele kejì náà ló kúnlẹ̀ sí, ó fi ọwọ́ kan di irin apá ọ̀tún mú, ó fi èkejì di tòsì, ó sì tẹ orí ba.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú ọdún, sà. Ẹ kú ìnáwó ọdún. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé."

Babalọlá dúró kó dìde. Kò dìde.

"Ó tó. Dìde, kó o yà fún wa."

"Mo ti wá ń bẹ yín báyìí ni, sà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró sísàlẹ̀."

"Mo ní dìde!"

"Tí ẹ bá ti gba ẹ̀bẹ̀ mi, sà, màá dìde."

Ọ̀nà sì dí pátápátá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá wà lórí ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀, kì í dìde títí wọ́n á fi gbà fún un, ẹni tó bá sì pariwo mọ́ ọn, òun ni ayé máa bá wí. Ràṣídátù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ ṣe é fún un. Ọmọ ti kúnlẹ̀ fún yín."

"Ẹ̀yin lẹ ní kó kúnlẹ̀ ṣebí," ọkùnrin kan tó ń jẹ guguru fi kún un. "Ó ti kúnlẹ̀, ẹ tún ń bínú. Kí lẹ fẹ́ gan-an, kó dọ̀bálẹ̀ ni?"

"Kai, Alhaji, tíkẹ́ẹ̀tì lẹ rà, ẹ ò ra ọmọ ọlọ́mọ!" ẹlòmíràn ké láti ẹ̀yìn.

Babalọlá gbé ẹsẹ̀ sókè láti ré Ìdáyátù kọjá. Ìyàwó rẹ̀ fa kaftan rẹ̀ lẹ́yìn.

"Bàbá Lateefah! Ẹ fẹ́ ré ọmọ obìnrin kọjá? Ṣé ẹ mọ̀ bóyá ó lóyún ni?" Ó bọ́ bàtà gíga kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Èmi àti ọmọ mi ò gòkè mọ́. Ẹ lọ ya fọ́tò yín."

Bí ìyá àti ọmọ ṣe yí padà ni Ìdáyátù dìde, tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ máa kálọ, sà," ló sọ fún bàbá. Babalọlá sì gòkè, òun nìkan. Mo tún un sọ fún ẹni tí etí rẹ̀ di: kò sí èébú kankan níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lókè mọ ẹni tó ni ọkọ̀, ó sì fẹjọ́ sùn ún. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀, Rosemary pe Ìdáyátù sí ọ́fíìsì. Ìwé méjì wà lórí tábìlì. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìgbanisíṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ọkọ̀ wíwà ti wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí ló kù. Ìkejì jẹ́ ìlà méjì péré tí Ìdáyátù máa fọwọ́ sí: pé òun kò wò dáadáa, pé ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá ti dàgbà tó, àti pé kó má bínú.

Rosemary kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀.

"Madam, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Fọwọ́ sí i, ká lè lọ jẹun."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ tèmi. Màá bẹ̀ wọ́n pé inú bí wọn, màá bẹ̀ wọ́n pé mo dá wọn dúró. N kò lè kọ ọ́ pé ọmọ náà ti pé."

"Kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn."

"Bí ọmọ mìíràn bá wá já sínú omi lọ́la, tí wọ́n mú ìwé yìí jáde pé èmi ni n kì í wò dáadáa ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa mú mi."

Rosemary fa ìwé àkọ́kọ́ sọ́dọ̀, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ìdáyátù bọ́ káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, ó fi lé orí tábìlì, ó jáde. Wọn kò lé e. Ìlà méjì irọ́ ni wọ́n fi ṣe owó ibodè, kò sì san án.

Pátákó ṣì wà nídìí àtẹ̀gùn. Wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lo ọpọlọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Saeed ka ọmọ mẹ́ta lókè, ẹnu ọ̀kan nínú wọn wà lára ọ̀pá ṣíṣà, ìyá rẹ̀ ń ya fídíò rẹ̀. Kí ni òfin náà wà fún nígbà náà? Ṣé fún ọmọ ẹni tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ lókè ni? Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rìnlélógún, mo sì mọ ohun tí ọmọ ń kọ́ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ bá fi ọdún márùn-ún kún ọjọ́ orí rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Kì í gbàgbé rẹ̀. Ìṣirò tí mo kọ́ ọ ló máa ń gbàgbé.

Zuba ni mo ti bá Ìdáyátù, nídìí àtẹ ìyá rẹ̀, ó ń ṣa ọsàn tó ti ń rà kúrò láàárín àwọn tó dáa. Gàníyátù kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó tán.

"Tíṣà, ẹ bá mi bi í. Ìlà méjì! Ṣé ìlà méjì ló máa pa á? Ọkọ̀ tó ti ń lálàá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí!"

"Màámi, ọmọ yẹn ò tíì pé."

"Ṣé ìwọ lo bí i? Bàbá rẹ̀ ní ó ti pé, kí ló kàn ẹ́? Wò ó, a máa lọ bá ọkùnrin yẹn nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. A máa kó ọsàn dání, kó o kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ ẹ́."

"Mo ti kúnlẹ̀ fún wọn, mà."

"Tún kúnlẹ̀!"

"Kí n wá ní kí ni mo ṣe, Màámi? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo máa wí."

Gàníyátù gba ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣà á fúnra rẹ̀. Oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ ọsàn wò, ó ń bèèrè bóyá ó dùn.

"Ọsàn ni!" Gàníyátù jágbe mọ́ ọn. "Bí o bá fẹ́ rà, rà. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́."