Wọ́n Ní Mo Ti Gbà ní La Rochelle

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní Calgary, ilé gogoro àwọn ọ́fíìsì tí mo ń gbá tí mo ń nù ní downtown bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo ń nu tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n ní kí àwa tí à ń nu tábìlì náà máa lọ sílé. Wọ́n ti dá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dúró ṣáájú mi, òun tó jẹ́ ẹnjiníà epo. A kó kúrò nílé wa ní àdúgbò New Brighton, gbogbo wa bọ́ sínú basement kan, yàrá abẹ́ ilẹ̀, ní àdúgbò Penbrooke: èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn.

Kò sẹ́ni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi á dìde, á lọ wo fèrèsé kékeré tí snow ti bò dé ìdajì, á padà wá jókòó, á tún dìde. Èmi á wọ train láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìní ibi tí mò ń lọ.

Àsìkò yẹn ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan wọlé. Ọmọ ìlú wa ni, Mùsùlùmí bíi tiwa, ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté tí wọ́n ti ń kó àlìkámà sínú ọkọ̀ ní La Rochelle, ìlú àtijọ́ kan létí òkun ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti lọ bá bàbá mi nílé láti tọrọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà ń gbé ní La Rochelle, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa dé sí.

“Lọ wò ó,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Wo ojú rẹ̀, wo ìlú rẹ̀, kí o fún wa lésì kí o tó kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú ọ.”

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fojú wọn ibi tí mo máa ń tẹ́ foam mi sí.

Ọjọ́ tí mò ń lọ, ọmọ rẹ̀ àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Auntie, are you coming back?”

“Màá padà wá.”

Ìyá rẹ̀ ló wò, kò wo èmi.

Ìwé mi ò lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ sì máa ń há mi lọ́fun bí àlejò bá wà níbẹ̀. La Rochelle kò wo èyí sàn. Gbogbo ìlú náà ló funfun, òkúta lókè, òkúta nílẹ̀, àwọn ẹyẹ òkun ń ké bí ẹni ń jà sí ogún. Ọkùnrin náà mú mi rìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé wa kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan sọ. Ó fi ilé gogoro méjì tó dojú kọ ara wọn lẹ́nu èbúté hàn mí. Láyé àtijọ́, ó ní, wọ́n máa ń na ẹ̀wọ̀n irin láti ọ̀kan dé èkejì kí ọkọ̀ má lè wọlé, kí ó má sì lè jáde. Ó ní àwọn Faransé tó kọ́kọ́ lọ sí Canada, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wọkọ̀ níbí.

“Àwọn ọkọ̀ mìíràn sì gba ọ̀dọ̀ tiwa lọ,” ó wí, “wọ́n lọ kó èèyàn lẹ́rú.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Ẹ jẹ́ ká máa rìn jàre, ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Nínú ilé gogoro kẹta tí wọ́n fi ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n rí, àwọn atukọ̀ tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ ti fi irin gbẹ́ ọkọ̀ sára ògiri, pẹ̀lú ìgbòkun àti okùn. Mo fi ìka mi tọ ọ̀kan.

“Ṣé wọ́n padà jáde?” mo bi í.

“Ah! O lè sọ̀rọ̀!”

“Fi ìyàwó wa sílẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Òtútù Canada ló gbé ohùn ẹ̀ lọ.”

Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo dé. “Ìyàwó, ṣé o sùn dáadáa?” “Ẹ mà.” “Ìyàwó, wá jẹun.” “Ẹ mà.” Mi ò kà á sí. Láti kékeré ni àwọn àgbà ládùúgbò wa ti ń pe ọmọ obìnrin ní ìyàwó mi, kódà ọmọ tí kò tíì hu eyín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a jókòó níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja létí èbúté. Omi òkun ti fà sẹ́yìn, àwọn ọkọ̀ kéékèèké fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dún. Bàbá mi ni, wọ́n sì ti so ẹ̀gbọ́n mi ní Calgary mọ́ ìpè náà. Ó gbé e sí speaker.

“Bàbá, ọ̀rọ̀ ti dayọ̀ o! Láti ọjọ́ tó ti dé ni mo ti ń pè é ní ìyàwó, ó sì ń dáhùn.”

“Ọmọ mi,” ni bàbá mi wí, “ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò jáde.

“Alhamdulillah. Dídákẹ́ ọmọge, gbígbà ni.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí wọ́n bá bi ọmọbìnrin nípa ọkọ tí ojú tì í, tó dákẹ́, ó ti gbà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Èmi, ojoojúmọ́ ni mò ń dákẹ́.

Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe àmín láti Penbrooke, ó ń ṣe é kíákíá bí ẹni tí ẹrù fẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Mo dìde lójijì tó bẹ́ẹ̀ tí àga mi ṣubú.

“Ẹ dúró!”

Àwọn òyìnbó tó ń jẹun yíjú sí wa.

“Ta nìyẹn?” ni bàbá mi bèèrè.

“Èmi ni, bàbá. Mi ò tíì gbà. Mo kàn dákẹ́ ni.”

“Kí ló wá dé tí o ń jẹ́ ìyàwó?” ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà wí.

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin lẹ pè mí. Mi ò lè gbọ́ ìpè àgbà kí n má jẹ́.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a lápá. “Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Ìwọ mà ni wọ́n ń kọ̀!”

Ọkùnrin náà gbé àga mi dìde, a sì jáde, àwa méjì péré, sábẹ́ àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó òkúta tó bo ẹ̀gbẹ́ pópó ìlú náà.

“Mo ti bi bàbá rẹ,” ó wí. “Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo bi ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ.”

“Ẹ ò bi mí.”

“Òótọ́ ni. Ó dáa, mo bi ọ́ wàyí.”

Èèyàn dáadáa ni. Ohun tó mú un le nìyẹn. Mo lè gbé pẹ̀lú rẹ̀, kí n sì máa rò lójoojúmọ́ pé torí àyè tó há ní basement ni mo ṣe wá.

“Rárá,” mo ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.”

Ó mi orí, ó sì ń wo ẹrẹ̀ èbúté tó hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ kí òun mú mi lọ wo ilé tí wọ́n kó ẹja òkun sí fún ìwòran lọ́jọ́ kejì. Mo ní mo fẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, voice note ẹ̀gbọ́n mi wọlé. “Àbúrò mi, ṣé orí ẹ pé? Bàbá ní òun ò jẹun. Ọkọ mi ń rìn kiri inú ilé láti àárọ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “Ìgbà wo ni flight ẹ máa balẹ̀? Ká lè wá gbé ẹ.”

Mo sọ ìgbà náà fún un. Mo ní kí ó má rán ọkọ rẹ̀, kí òun nìkan wá, torí mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ nínú mọ́tò ká tó délé, nípa ibi tí mo máa ń tẹ́ foam mi sí.