Orúkọ Abẹ́ Èèkù

Màmá tí mò ń tọ́jú ní Accokeek lókè òkun níbí ní idà kan tí bàbá tó bí wọn gbé bọ̀ láti ojú ogun Japan. Láti kékeré wọn ló ti wà lára ògiri pálọ̀. Nígbà tí ara wọn ò gbé e mọ́, tí àwọn ọmọ fẹ́ ta ilé náà, ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń fẹ́: kí idà padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mo rántí aládùúgbò mi ní Beltsville, bàbá ará Japan kan tó ti fẹ̀yìn tì níbi tí ìjọba ti ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kùkúńbà inú ọgbà wọn ni wọ́n fi ń kí èèyàn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá wa yẹ idà náà wò, wọ́n gbà, mo fi mọ́tò gbé wọn lọ.

Bí Bàbá ti rí idà náà, wọ́n tẹrí ba fún un. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Àgbà ò lè tẹrí ba kí n dúró gbagidi. Mo kúnlẹ̀. Bàbá rí mi nílẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ sí i láti dá mi lóhùn. Èmi ò jẹ́ dìde ṣáájú àgbà, àwọn náà ò jẹ́ dìde ṣáájú ẹni tó ń kí wọn. Màmá ló gbà wá.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, tíì ń tutù.”

Bàbá ti èèkàn oparun kékeré tó di èèkù mú jáde, wọ́n sì fa èèkù kúrò. Irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ọwọ́ ń yún mi. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, irin tó dípẹtà kì í pàdé àlejò. Mo ti gbéra lọ mú kànìnkànìn.

“Má fọ̀ ọ́,” ni Bàbá wí. “Ìpẹtà yìí la fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Tó o bá ha á, orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ á bá a lọ.”

Wọ́n bu pàúdà díẹ̀ sórí irin, wọ́n fọwọ́ pa á. Àwọn àmì tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ hàn funfun. Mo ti rí ọ̀mọ̀wé, mi ò rí ẹni tó ń kàwé báyìí rí. Wọ́n ń fìka kọ àmì kọ̀ọ̀kan sínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń yẹ ìwé ńlá kan wò, wọ́n ń padà. Ihò èèkàn ti gba àárín àmì kan kọjá. Ká ní èmi ni, mo ti méfò. Bàbá ò méfò; wọ́n ní àwọn ò ní fi orúkọ ìdílé kan pe òmíràn. Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Nígbà tó yá, orúkọ jáde. Ẹ̀gbẹ́ kan ní orúkọ alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀gbẹ́ kejì ní orúkọ ẹni tó ní kó rọ ọ́, ìdílé rẹ̀ àti abúlé wọn. Bàbá ní àwọn á kọ̀wé sí tẹ́ńpìlì ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìdílé náà ṣì wà.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Mo ronú kan ọmọ ìdílé náà kan ní Japan lọ́hùn-ún tí kò mọ̀ pé Accokeek ni èèkù wà, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Màmá ní kí Bàbá pe orúkọ náà. Màmá pè é tẹ̀ lé Bàbá, ó wọ́. Wọ́n tún un pè títí Bàbá fi mirí pé ó ti tọ́.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Màmá, “idà bàbá mi” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kọjú sí mi.

“Bá mi wá àpótí tó gùn, kí n gbé idà bàbá wọn sí i.”