Àwo Òkú Lórí Tábìlì Slavka

Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin kan rí nínú tẹlifíṣọ̀n tí ẹyinjú rẹ̀ dúdú kirikiri, tí funfun inú rẹ̀ pòórá, tí ẹ wá ń bẹ̀rù àtidìde lọ tọ̀, Slavka Hrynchuk ni kí ẹ bínú sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó sanra díẹ̀, ó fẹ́ràn tíì tó gbóná janjan, kò sì lè pa eṣinṣin. Àmọ́ ní Vancouver nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ èèyàn di ẹ̀dá ojú ọ̀run tó o.

Àwọn ará orílẹ̀-èdè tó wà ní gúúsù ààlà wa ló ń gbé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá bá wa, torí owó wọn níyì ju tiwa lọ, òjò wa sì bá eré ẹ̀rù mu. Eré tí Slavka ń bá wọn ṣe, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Àwọn ẹ̀dá láti ojú ọ̀run á wọ ara ọmọ èèyàn, wọ́n á máa fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìjọba á mọ̀, ìjọba á sì bò ó mọ́lẹ̀. Alaalẹ́ Fúráìdé ni wọ́n ń gbé e jáde. Ká má parọ́, gbogbo ìlú ló ń wò ó, títí kan àwọn tó ń yọ ṣùtì pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni.

Inú ọkọ̀ gbọọrọ kan ni yàrá ìkunjú wà, dígí níwájú, gílóòbù yí dígí ká. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn òṣèré máa ń jókòó síbẹ̀, wọ́n á dijú, Slavka á sì máa fọwọ́ pa wọ́n lójú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ni wọ́n á máa fọwọ́ pa lójú jẹ́jẹ́ tí kò ní tú ikùn rẹ̀? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ti ọkọ tó ń yan àlè, ti oyún tí kò dúró, ti ọtí tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí gbogbo akunjú mọ̀: ohun tí wọ́n bá sọ lórí àga, orí àga ni yóò kú sí. Slavka kò rú òfin yẹn rí. Ẹ gé ìka rẹ̀, kò ní sọ.

Òun àti Orest àbúrò rẹ̀ ló jọ ń gbé. Orest nìkan ló ní láyé. Orí oko ní Saskatchewan ni ìyá wọn kú sí nígbà tí Orest ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, Slavka ló tọ́ ọ dàgbà. Kò lọ́kọ, kò bímọ, Orest ni ọmọ. Orest wá di géńdé tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ó lọ ṣiṣẹ́ ní òkè àríwá, níbi tí yìnyín kì í tán nílẹ̀, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ kan, nǹkan kan tú jáde nínú yàrá tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wà. Àwọn ọ̀rẹ́ náà kú. Àwọn oníkóòtù ìjọba dé, wọ́n ní kò sí ohun tó tú, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, kí Orest máa lọ sílé, kó sì pa ẹnu mọ́. Ó lọ sílé. Ó pa ẹnu mọ́ débi pé òun àti Slavka pàápàá kì í sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ.

Alẹ́ Kérésì dé, ti àwọn ará Ukraine, nínú oṣù kìíní. Slavka tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ aṣọ tábìlì bí ìyá wọn ti máa ń ṣe, ó gbé kutia sáàárín, àlìkámà bíbọ̀ tí wọ́n pò mọ́ oyin, ó ki àbẹ́là bọ búrẹ́dì, ó sì gbé àwo kan kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó tì, ti àwọn òkú ilé. Orest wọlé. Ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó ti àwo òkú.

"Orest, ibẹ̀ kọ́ o," ni Slavka wí.

"Ibẹ̀ ni, Àǹtí. Ẹni tó padà wálé mọ ọ̀nà, ó mọ orúkọ yín, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó lọ. Ẹni tó lọ ti kú síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹun."

Ó wá fi ọwọ́ bu àlìkámà jẹ bí ọmọ ọwọ́, oyin ń kán sí i láya. Slavka sunkún, ó gbá a mọ́ra, òun náà sì bú sẹ́kún. Ìgbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi bò ó. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní orí mi ti dàrú, wọ́n á wá mú mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

"Bí mo bá sọ ọ́, kí Ọlọ́run má gbọ́ àdúrà mi mọ́," Slavka dá a lóhùn.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara Orest ń balẹ̀. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú yàrá abẹ́ ilé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dápàárá. Tó bá di Fúráìdé, Slavka á se pyrohy, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ànàmọ́ sínú, wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ti ẹ̀dá ojú ọ̀run kọ́ ni Orest ń wò, òpin ló ń dúró dè, níbi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gòkè lọ. Bí orúkọ Slavka bá ti yọ, á fò sókè: "Òun nìyẹn! Àǹtí mi nìyẹn! Ẹ wò ó, ó ti lọ!" Á gbá tábìlì títí kọ́ọ̀pù á fi ṣubú. Nítorí èyí, Slavka kì í ka ìwé eré rárá. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń kà á, á kàn sọ fún un pé, "Ojú dúdú kan, ọgbẹ́ kan." Slavka ní bí òun bá mọ òpin eré ṣáájú, òun ò ní lè bá Orest fi ìtara wò ó.

Ọ̀rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Tully. Òṣèré ni tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ọlọ́pàá tó ń tètè kú nínú eré. Àìmọye àárọ̀ ló fi jókòó lórí àga Slavka, gbogbo ìyà tí ìyàwó rẹ̀ fi jẹ ẹ́ kó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Slavka gbọ́ ọ, kò tú u síta. Ìgbà tó yá, wọ́n gbà á sáàárín àwọn tó ń kọ eré, síbẹ̀ ó ṣì máa ń wá jókòó, ó ní àga yẹn ni ìjọ òun. Ẹni tó bá ń gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà á wá ẹni tó máa gbọ́ tiẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Orest ti fi òru mọ́jú gbọ̀n, omi lé ròrò sójú Slavka. Tully di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Kí ló dé, ọ̀rẹ́ mi?" Ni Slavka bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìdí àwo òkú gan-an ló jókòó sí?" Tully béèrè wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣíbí ńkọ́? Ó fi ọwọ́ jẹ ẹ́? Kí ló sọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́?"

Slavka rò pé àánú ló ń béèrè. Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kan ọ̀gá rẹ̀ ní kó kun ojú dúdú fún ọkùnrin kan, ó kùn ún. Kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń pe àwọn akunjú wọlé síbi tí wọ́n ti ń ya eré kí wọ́n wá fọwọ́ kan ojú òṣèré lẹ́ẹ̀kan sí i. Slavka gbé àtíkè, ó wọlé, ló bá rí tábìlì. Koríko yọ lábẹ́ aṣọ. Àbẹ́là wà nínú búrẹ́dì. Àlìkámà wà láàárín, àwo kan sì wà tí kò sẹ́ni nídìí rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ tẹ́ koríko?" ló bi ọmọbìnrin tó to tábìlì.

"Ó wà nínú ìwé, mà."

Kó tó rí ibi sá sí, wọ́n ti ní kí eré bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ojú dúdú wọlé, ó fi àga tirẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó ti àwo òkú, ó fi ọwọ́ bu àlìkámà. Ó ní, "Ẹni tó padà wálé mọ ọ̀nà, ó mọ orúkọ rẹ, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó lọ." Obìnrin tó ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó lọ sídìí fóònù, ó ní, "Ó ti dé. Ẹ wá mú un." Àtíkè bọ́ lọ́wọ́ Slavka, ó fọ́n ká ilẹ̀.

Ìdí ìkòkò kọfí ló ti ká Tully mọ́.

"Tully, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Slavka! O rí i? Ó dùn, àbí kò dùn?"

"Ó dùn? Àbúrò mi lo gbé sórí tábìlì fún gbogbo ayé yẹn!"

"Rọra, rọra. Mo ti yí orúkọ padà. Ta ló máa mọ̀?"

"Orest á mọ̀."

"Ó yẹ kó dúpẹ́ ni. Bó bá sọ ọ́ níta, wọ́n á ní orí rẹ̀ dàrú. Nínú eré tèmi, òótọ́ ló ń sọ. Ìjọba ló purọ́."

"Nínú eré tìẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tà á!"

"Eré ní láti parí síbì kan."

"Orí àga lo ti gbọ́ ọ, Tully. Orí àga!"

Tully rẹ́rìn-ín, ó da ṣúgà sí kọfí rẹ̀. "Ta ló jókòó lórí àga lọ́jọ́ yẹn? Èmi ni. Ta ló dúró? Ìwọ ni. Akunjú ni òfin yẹn dè. Kò de ẹni tó jókòó."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọ̀dàlẹ̀! Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ, àmọ́ ilẹ̀ kì í tètè mú wọn. Ohun tó ba Slavka nínú jẹ́ jù ni pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ló dúró. Òun ló sọ̀rọ̀. Òun ló sì búra fún Orest.

Ó bẹ dárẹ́kítọ̀ kí wọ́n má gbé e jáde, wọ́n ní wọ́n ti yà á tán. Ó bẹ ọ́fíìsì, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà fún un ni pé wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó rò pé ìyẹn nìkan ni ọwọ́ òun fi lè mọ́ díẹ̀. Nílé, ọ̀rọ̀ náà ń dé ètè rẹ̀, ó ń padà.

"Orest..."

"Mà?"

"Ṣé kí n fi àlùbọ́sà sí i?"

Fúráìdé pé. Ó ní kí wọ́n jáde lọ jẹ ẹja létí òkun.

"Fúráìdé? Àǹtí, ara yín ò yá ni?" Orest ń rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń bọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló fẹ́ lọ jẹ ẹja!"

Wọ́n jókòó. Slavka kò wo tẹlifíṣọ̀n, Orest ló ń wò. Nígbà tí tábìlì yọ, Orest gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin ojú dúdú sọ ọ̀rọ̀ yẹn, Orest fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Slavka ń retí kó yíjú sí òun. Orest yíjú sí i lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ń tàn, omi wà nínú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbọ́? Ẹlòmíràn ti rí i! Ọmọ Ukraine mìíràn lọ sókè lọ́hùn-ún, ohun tó ṣe mí ló ṣe é, òun ló lọ sọ fún wọn. Orí mi ò dàrú, Àǹtí. Mi ò dá nìkan wà!"

Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Eré parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Orest sì tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ sókè kó lè gbá tábìlì. Àwọn akunjú dé. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ kọjá. Ti èkejì kọjá. Ọwọ́ Orest ṣì wà lókè.

"Orúkọ yín dà?"

"Mo ní kí wọ́n yọ ọ́."

"Kí ló dé?"

Slavka wo ilẹ̀. Orest wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo Slavka, ó pẹ́ kó tó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn."

"Orest, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ọ̀rẹ́ mi ni mo pè é. Dárí jì mí, ọmọ mi, mo—"

Orest pa tẹlifíṣọ̀n. Kò pariwo, kò fọ́ àwo. Ó wo ojú Slavka, ó ní, "Ẹni tó jókòó yìí mọ bí wọ́n ṣe ń se pyrohy, ó mọ orúkọ mi. Àmọ́ kì í ṣe àǹtí mi."

Kó tó di ìgbà òtútù, ó ti kó àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí yàrá kan ní òdìkejì ìlú. Bí Slavka bá pè é lórí fóònù, á ní, "Ẹ ṣé, ìyáàfin," á sì gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Slavka ṣì ń kun ojú, àmọ́ bí òṣèré bá bi í pé báwo ni, ó máa ń dáhùn pé dáadáa ni. Alẹ́ Kérésì dé, ó tẹ́ koríko, ó se kutia, ó gbé àwo òkú kalẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó ti àwo náà, ó sì jẹun.