Igi Tí Wọ́n Wọ̀n Láìsí Èèpo

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo: ó ń fi òwò igi orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn. Igi tó rọ̀, irú páìnì tí wọ́n fi ń kan òrùlé, ni tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó ń tà á ló wà lórí àtẹ rẹ̀, tiwọn ni ìkẹfà, olúkúlùkù lórí ìlà tirẹ̀, láti ọdún dé ọdún. Rúlà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà Ìyá Rúlà ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Bí ìlà kan bá wọ́ díẹ̀ báyìí, á tún odindi ojú ewé náà kọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a gbé ní yàrá ẹ̀yìn. Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀gbọ́n yìí lò nídìí ayùn ńlá nílé ìlagi etí odò, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Àtẹ Ìyá Rúlà ni àwọn aláṣẹ wò tí wọ́n fi tì í. Lọ́dún kan ṣoṣo, ìlà tiwọn já wálẹ̀, ti àwọn márùn-ún yòókù sì ń gòkè lọ. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin náà ti gbà pé àwọn ni iṣẹ́ àwọn kò dára tó.

"Wọ́n fi iṣẹ́ jù wá lọ ni," ló máa ń sọ, á wá mirí.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí Ìyá Rúlà fẹ̀yìn tì. Bó ṣe ń to àwọn fáìlì àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbapò rẹ̀, ó kan lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọn igi ní èbúté: láti oṣù kìn-ín-ní ọdún tí ìlà tiwọn já wálẹ̀ yẹn, wọn ó máa wọn ìtì igi láìsí èèpo. Èèpo sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìtì igi. Àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún yòókù sì ń wọn igi tiwọn tèèpo-tèèpo. Òwò kò lọ sílẹ̀ rárá.

Ó wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà. "Mo ti rí i gbà." Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ọjọ́ tó dé gan-an ló ti fi í sáyè rẹ̀ nínú fáìlì. Kò dúró kà á.

Ọ̀gá rẹ̀, tí kò ju ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ, wo lẹ́tà náà.

"Mà, ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn! Ayùn ibẹ̀ pàápàá ti di irin àlòkù."

"Àtẹ tí kò tọ́ kò gbọdọ̀ tọwọ́ mi jáde."

"Ó ti jáde tipẹ́, mà."

Síbẹ̀, ọ̀gá náà gbà kí wọ́n fi ìlà àlàyé kan sísàlẹ̀ àtẹ tuntun, ní lẹ́tà wínníwínní.

Bí Ìyá Rúlà bá panu mọ́ nílé, ta ni yóò mọ̀? Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń kan ẹsẹ̀ àga.

"Ìyá Rúlà, wọ́n tètè lé ọ ni?" Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó fa lẹ́tà náà yọ, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín náà gbẹ.

"A ò kéré sí wọn?"

"Ẹ ò kéré sí wọn rárá, bọ̀dá mi."

"Ìwọ lo sì gba lẹ́tà yìí tí o ò kà á?"

"Èmi ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba lẹ́tà náà, ó wọ bàtà, ó jáde lọ fi han àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló padà.

"Ṣé ẹ bá wọn?"

"Ilé mẹ́ta ni mo dé. Ẹni méjì ti kú. Ìkẹta bi mí pé ta ni mí."

"Ẹ ò kà á fún un?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní mo kú iṣẹ́."

Ó wọ yàrá, ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń lọ. Mi ò bú ọ o. Mi ò kàn lè máa bá ọ jókòó jẹun báyìí ni."

Ó ń rọ́ aṣọ sínú àpótí wúruwùru. Ìyá Rúlà kúnlẹ̀, ó kó wọn jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.