Ohun tí Kámẹ́rà Gbọ́ ní Kọ́nà

Ojú ìyá ń lọ bí táyà tí ìṣó kékeré gún: ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ariwo, àmọ́ lójoojúmọ́ ni ó ń rọ̀. Dókítà ti sọ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì pé èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà kò sì ní pẹ́ lọ. Ìyá kò sunkún. Ó kàn ní nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́ rí kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ òun: àbíkẹ́yìn òun lórí máṣìnì, alùpùpù eré ìje rẹ̀, níbi tó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gbé e dé pápá eré mọ́. Pápá ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé wá bá a ní pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Fọkanáísà ni, oríta ló ti ń ṣiṣẹ́, Bọ̀dá Atẹ́gùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun nìkan ló ń fọwọ́ kan táyà máṣìnì àbúrò rẹ̀. Bó bá fi àtàǹpàkò tẹ táyà lásán, ó ti mọ̀ bóyá yóò di ilẹ̀ mú lórí yanrìn. Ní ti kámẹ́rà, òpè paraku ni.

Oníkámẹ́rà tó lọ bá ní ṣọ́ọ̀bù bi í pé kí ló fẹ́ yà. Ó ní máṣìnì tó ń sáré, àti ìyá òun nínú ilé.

"Ẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ṣoṣo gé igi, kẹ́ ẹ tún fi fá irun," ni ọkùnrin náà wí, ó sì gbé kámẹ́rà méjì sórí tábìlì onígíláàsì rẹ̀. Èkíní kò ju ọṣẹ tó ti ń tán lọ. Eré kì í dà á láàmú, eruku kò lè pa á, a sì lè so ó mọ́ akoto tí àwọn asáré ń dé sórí. Àmọ́ inú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ kì í yé e, bí atẹ́gùn bá sì ń fẹ́, atẹ́gùn nìkan ló máa ń gbọ́. Èkejì ní ojú kékeré tó ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fèrèsé. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń ríran nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti sáré kọjá, ṣìbáṣìbo ni.

Bọ̀dá pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Àbúrò ní kó mú èyí tó ń gbọ́ràn. Ó ní máṣìnì kò ní tán láyé, ohùn ìyá wọn ni wọn yóò máa wá lọ́jọ́ iwájú. Bọ̀dá ní ojú ni ìyá ń sọ, kò sọ ohùn. Ó dúró níbẹ̀ títí oníbàárà mìíràn fi wọlé, tó rajà, tó sì jáde. Nígbẹ̀yìn, ó mú èyí tó kéré, nítorí ojú kò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ eré, ìyá di ọwọ́ Bọ̀dá mú lẹ́nu ọ̀nà. "Yà á dáadáa o. Mi ò fẹ́ ẹ̀yìn orí ẹ̀. Ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Ìdí nìyẹn tí kò fi so kámẹ́rà mọ́ akoto. Akoto kì í yàwòrán ojú ẹni tó dé e. Ó lọ dúró sí kọ́nà, níbi tí àwọn asáré ti ń kọjú síta. Eruku pọ̀. Ó sún kọjá okùn tí wọ́n fi pààlà fún àwọn òǹwòran díẹ̀, kí ojú ọmọ ìyá rẹ̀ lè hàn.

Àbúrò ló ṣíwájú dé kọ́nà. Máṣìnì rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìta kọ́nà jù, ó ń yọ̀ bọ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n dúró sí. Ó ṣí gíláàsì akoto rẹ̀, ó pariwo: "Ẹ yàààà!"

Inú Bọ̀dá dùn. Ó rò pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ tí ìyá rán òun. "Mo ń yà á!" ló fi dáhùn, ó sì tún di kámẹ́rà mú gírígírí.

Àbúrò yí ọwọ́ máṣìnì lójijì. Máṣìnì fò lọ sí ọ̀tún, òun lọ sí òsì.

Eegun èjìká àbúrò ló kán. Dókítà ní kó má fi ọkàn sí eré mọ́. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní yanrìn ló gbé òun ṣubú. Bọ̀dá náà ń dá yanrìn lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ọsibítù, ojú ìyá kò dúró dè wọ́n.

Nígbà tí àbúrò padà sílé, tí ó fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn, wọ́n so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyá sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ fi ń bo gíláàsì.

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀, Màámi."

Ó ní òun rí i pé ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Atẹ́gùn ń ya nínú ẹ̀rọ náà bí ẹni ń ya aṣọ. Bọ̀dá wá ń ròyìn fún un: ó ti ń bọ̀ báyìí, òun ló wà níwájú, ojú ẹ̀ ti hàn, ó ń wò wá. Ohùn kan sì là á já nínú atẹ́gùn.

Ìyá gbé ọwọ́ sókè. "Kí ló sọ yẹn?"

"Ó ní kí n yà á ni."

Ó ní kó tún un ṣe. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

"Rárá o. Kò sí 'á' ńbẹ̀. 'Ẹ yà' ló wí. Ó ní kí o yà kúrò lọ́nà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ yìí. Ikú ń bọ̀, ó ṣì ń fi 'ẹ' bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀."

Bọ̀dá wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò ń wo ìka ara rẹ̀ tó yọ láti inú aṣọ ọrùn náà.

"Yanrìn ni, Bọ̀dá," ló wí. "Mo ti sọ fún yín."

Bọ̀dá na ọwọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n. Ìyá wá ọwọ́ náà títí ó fi rí i, ó dì í mú.

"Má pa á. Mi ò rí ojú ẹ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí máṣìnì."

Ó tún un ṣe. Atẹ́gùn ya, ọmọ náà pariwo, ohùn Bọ̀dá sì dá a lóhùn, ketekete, tayọ̀tayọ̀. Ìyá mi orí sí i bí ẹni ń gbọ́ orin.

"Tún un ṣe," ló wí.